Bọ́ọ̀lù Ẹ̀gbọ́n Kì í Jáde

Èmi ò fẹ́ràn tẹ́níìsì, mi ò sì tíì fẹ́ràn rẹ̀ títí di òní. Mo kọ́kọ́ sọ èyí kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé eré ìdárayá ló gbé mi dé ibi tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí. Nígbà tí mo fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà, ohun tí mo fẹ́ ni kí n máa jí nígbà tó bá wù mí, kí n máa bójú tó àwọn adìyẹ mi, kí n sì máa lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì láìsí ìwé ọmọ ẹnikẹ́ni tó ń dúró dè mí nílé pé kí n wá máàkì òun. Mo ṣe bẹ́ẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Kí n má parọ́, ó sú mi.

Ìgbà yẹn ni kóòṣì wá bá mi nílé. Ọmọ Ọ̀fà ni. Mo kọ́ ọ ní ìṣirò nígbà tó wà ní sẹ́kọ́ńdìrì, kò sì mọ̀ ọ́n rárá. Ó ní àwọn ọmọ ìlú wa kan tí wọ́n ń gbé lókè òkun ti dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ fún àwọn ọmọ tí agbára òbí wọn kò gbé e. Wọ́n ń fi rákẹ́ẹ̀tì àlòkù ránṣẹ́, wọ́n sì ti tọrọ kóòtù tẹ́níìsì àtijọ́ kan tó wà lápá ojú irin, pé kí àwọn ọmọ máa lò ó lẹ́yìn ilé-ìwé. Ṣùgbọ́n òfin ẹgbẹ́ náà ni pé ẹ̀kọ́ ló ṣáájú. Ọmọ tí kò bá jókòó kàwé kò ní fọwọ́ kan rákẹ́ẹ̀tì. Wọ́n wá ń wá ẹni tó máa kọ́ wọn.

"Ìlú tí wọ́n ń fi ìjàkadì kì," mo ní, "kí ló dé tí ẹ ò kọ́ wọn ní ìjàkadì?"

"Mà, ìjàkadì ò ní fún wọn ní sikọ́láṣíìpù."

Ìdáhùn yẹn dára ju gbogbo ìdáhùn tó fún mi nígbà tó wà ní kíláàsì mi lọ. Mo ní mo máa wá wò ó fún ọ̀sẹ̀ kan, ọ̀sẹ̀ náà kò sì tíì parí.

Kóòtù náà kò lẹ́wà. Sìmẹ́ńtì rẹ̀ ti sán, koríko ń yọ lójú ibi tó sán, okùn tí wọ́n fi ń di ẹrù ni wọ́n sì fi so nẹ́ẹ̀tì rẹ̀ mọ́ra. Ilà rẹ̀ nìkan ló mọ́, nítorí kóòṣì máa ń fi ọ̀dà funfun tún un kùn. Lásìkò ọyẹ́, eruku á bo ilà náà, àwọn ọmọ á kọ́kọ́ fi ìgbálẹ̀ gbá a kí wọ́n tó gbá bọ́ọ̀lù. Fàráńdà ilé kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni mo ti ń kọ́ wọn. Wọ́n gbé bọ́ọ̀dù kan ti ògiri, wọ́n to bẹ́ńṣì síwájú rẹ̀, ó parí.

Ọmọbìnrin tí mò ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ wà ní praimárì kẹfà nígbà náà. Ó tínrín, ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn, hìjáábù rẹ̀ kì í kúrò lórí, ṣòkòtò gígùn ló sì fi ń gbá bọ́ọ̀lù, torí àdéhùn tí ìyá ìyá rẹ̀ bá kóòṣì ṣe nìyẹn. Ìyá rẹ̀ ti lọ́kọ mìíràn ní Kàdúná. Bàbá rẹ̀ ń wa tírélà, wọn kì í sì í rí i. Òun àti ìyá àgbà yìí nìkan ló ń gbé. Alhaja ni gbogbo àdúgbò ń pe ìyá náà, èmi náà ń pè é bẹ́ẹ̀, nítorí ó jù mí lọ dáadáa. Ó ń ta àgbàdo àti gààrì tó ń rà lọ́jà Ojokú níwájú ilé. Ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì, ọmọ yìí ló ń bá a ka ohun tó bá wọlé sórí fóònù, òun náà ló ń yọ oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru fún un. Bí ọmọ náà bá pẹ́ dé ẹ̀kọ́, ohun tó máa ń sọ kò ju, "Mò ń fún Alhaja lóògùn ni, mà."

Ní ọjọ́ kan, mo kọ ọ́ sórí bọ́ọ̀dù pé méje lọ́nà mẹ́jọ jẹ́ mẹ́rìnléláàdọ́ta. Àgbà ti ń dé, ọwọ́ mi sì ń yá ju orí mi lọ. Nígbà tí mo yíjú padà, gbogbo wọn ti dà á kọ. Mo tún wò ó, mo rí ohun tí mo ṣe. Mo ní ṣé kò sẹ́ni tó rí i pé mo ṣì í ni? Mo pe ọmọbìnrin yìí, nítorí mo mọ̀ pé ìṣirò kì í yọ ọ́ lẹ́nu.

"Mo rí i, mà," ó ní.

"Kí ló wá dé tí o dà á kọ bẹ́ẹ̀?"

"Ẹ̀yin lẹ kọ ọ́, mà."

Inú bí mi gan-an. Kì í ṣe sí ọmọ náà. Mi ò tiẹ̀ mọ ẹni tí mo bínú sí. Mo pa bọ́ọ̀dù rẹ́, mo lọ sílé, mo sì ro ó títí.

Láti ọjọ́ kejì ni mo ti bẹ̀rẹ̀ àrà tuntun. Mo sọ fún wọn pé lójoojúmọ́ ni mo máa mọ̀ọ́mọ̀ fi àṣìṣe kan sínú iṣẹ́ tí mo bá kọ, kò sì sẹ́ni tó máa mú rákẹ́ẹ̀tì títí ẹnì kan á fi sọ ọ́ fún mi lójú. Ọjọ́ àkọ́kọ́, ilẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣú mọ́ wa níbẹ̀. Mo mọ̀ pé wọ́n ti rí i. Wọ́n ń wo ara wọn, wọ́n ń wo kóòtù, kò sẹ́ni tó lanu. Kóòṣì dúró lọ́hùn-ún, ó ń wò mí bí ẹni tí orí rẹ̀ ti dàrú. Nígbà tó yá, ọmọbìnrin yìí dìde, ó jáde wá síwájú, ó kúnlẹ̀.

"Ẹ má bínú, mà, ibẹ̀ yẹn ò jọ pé ó tọ̀nà."

Mo ní kó dìde, kó sọ ọ́ lórí ìdúró. Kò lè ṣe é. Mo fi í sílẹ̀. Bí wọ́n bá fẹ́ kúnlẹ̀ kí wọ́n kúnlẹ̀, kí wọ́n ṣáà ti sọ ọ́. Kò pẹ́ tí ó fi mọ́ wọn lára, tó sì wá ku èmi tí mò ń wá àṣìṣe tó le jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Mo rò pé iṣẹ́ mi ti parí nìyẹn. Ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù ló kù. Kóòṣì ní ọmọ náà lẹ́bùn. Èmi ò mọ bí wọ́n ṣe ń dá irú ẹ̀bùn bẹ́ẹ̀ mọ̀, ṣùgbọ́n èmi náà rí i pé bọ́ọ̀lù tó bá ti dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ máa ń padà. Ó ń na gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀, lọ́kùnrin lóbìnrin. Àmọ́ ẹnikẹ́ni tó bá fi ọdún kan péré jù ú lọ ló ń nà án, bí onítọ̀hún ò bá tiẹ̀ mọ rákẹ́ẹ̀tì dì mú. Kóòṣì ò mọ ohun tó fà á. Ó ní bóyá ẹ̀rù ni, bóyá oúnjẹ tó ń jẹ kò tó. Ní ọjọ́ kan ó lọ jókòó ti ilà gan-an, ó ń wò wọ́n. Nígbà tó padà wá bá mi ní fàráńdà, ẹ̀rín ò jẹ́ kó lè dúró.

"Mà, bọ́ọ̀lù ẹ̀gbọ́n kì í jáde lọ́dọ̀ rẹ̀!"

Ó ṣàlàyé fún mi. Nínú irú ìdíje tí àwọn ọmọdé ń ṣe, kò sí rẹfirí tó ń dúró tì wọ́n. Ẹni tí bọ́ọ̀lù bá bọ́ sí ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni yóò sọ bóyá ó wọlé tàbí ó jáde kọjá ilà, ẹnì kejì á sì gbà pé bẹ́ẹ̀ ló rí. Ọmọ wa ń sọ òótọ́ nípa bọ́ọ̀lù ẹgbẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti ọwọ́ ẹni tó jù ú lọ wá, ì báà bọ́ sínú koríko, á ní ó wọlé.

Mo pè é. Mo bi í bóyá kì í rí ilà ni.

"Mo ń rí i, mà. Ẹ̀gbọ́n mi ni wọ́n. Ṣé kí n wá sọ fún wọn pé wọn ò gbá a dáadáa ni?"

Àwọn tó dá eré náà sílẹ̀ kò ro tàwa tí à ń sọ "ẹ" sí ẹni tó fi oṣù mẹ́ta jù wá lọ. Kóòṣì ní kí n jẹ́ kí òun náà lo àrà mi. Ó ń bá a gbá bọ́ọ̀lù, ó ń mọ̀ọ́mọ̀ gbá a kọjá ilà, kò sì ní gbá òmíràn títí ọmọ náà á fi sọ pé ó jáde. Ó ń sọ ọ́ fún kóòṣì. Bí wọ́n bá ní kó bá ẹ̀gbọ́n mìíràn gbá a, á tún ní ó wọlé.

Báyìí la ṣe wà tí ọ̀rọ̀ ìdíje Ìlọrin fi dé. Ilé-ìwé kan wà níbẹ̀ tó ní ọmọbìnrin tó bá gba ipò kìíní láàárín àwọn ọmọdé, àwọn á gbà á síbẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, ibùgbé, oúnjẹ àti ìwé, títí tó fi máa ṣe wáẹ̀kì. Bí kò bá rí ìyẹn, ohun tó wà nílẹ̀ fún un ni kó dúró ti Alhaja nídìí àgbàdo, kó máa lọ sílé-ìwé ní ọjọ́ tí ọjà bá yọ̀ǹda rẹ̀. Mo bi ọmọ náà bóyá ó wù ú.

"Ó wù mí gan-an, mà," ó ní, ó sì bojú wẹ̀yìn bíi pé ẹnì kan ń gbọ́.

Alhaja gbà kó lọ díje. Nípa ilé-ìwé, ó ní ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ rí i ná. Ó ní òun náà á bá wa lọ, pé òun ò tíì rí ohun tí ọmọ òun ń fi igi gbá kiri.

Gbogbo wa wọ bọ́ọ̀sì kan lọ, Alhaja gbé kúlà mọ́ínmọ́ín sórí ẹsẹ̀. Àwọn tí ọmọ wa kọ́kọ́ bá gbá jẹ́ ẹgbẹ́ rẹ̀, ó nà wọ́n bó ṣe yẹ. Ẹni tó kù fún un ní àṣekágbá wá jẹ́ ọmọ Ìlọrin kan tó fi orí kan ga jù ú lọ, tí rákẹ́ẹ̀tì mẹ́ta wà nínú àpò rẹ̀. Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, ọmọ wa lọ bá a, ó tẹ orúnkún, ó ní, "Ẹ kú ọ̀sán, mà." Ọmọ yẹn wẹ̀yìn láti mọ ẹni tó ń kí.

Sẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́ nínú mẹ́ta kò pẹ́ tí ẹ̀gbọ́n yẹn fi gbà á. Èmi tí mò ń lo gíláàsì rí bọ́ọ̀lù tó jáde, gbogbo èrò rí i, ọmọ wa ń sọ pé ó wọlé. Kóòṣì ń jẹ èékánná ọwọ́ rẹ̀. Òfin kò gbà kó sọ̀rọ̀ láti ìta. Alhaja ń fa tẹ̀sùbáà rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Kò rí ilà rárá, òjìji àwọn ọmọ nìkan ló ń rí.

"Ṣé ó ń ṣe dáadáa?" ó bi mí.

"Ó ń ṣe sùúrù, mà."

Ní ìbẹ̀rẹ̀ sẹ́ẹ̀tì kejì, bọ́ọ̀lù kan bọ́ sẹ́yìn ilà. Ọmọ wa dúró tì í. Ó wo bọ́ọ̀lù, ó wo ẹ̀gbọ́n tó wà lódì kejì. Ó wá rìn lọ sí ìdí nẹ́ẹ̀tì, ó kúnlẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì pẹ̀lú rákẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́.

"Ẹ má bínú, mà. Bọ́ọ̀lù yín ò wọlé."

Èrò bú sẹ́rìn-ín. Ọmọ Ìlọrin náà kò mọ ohun tó máa ṣe, ó ní kò burú. Wọ́n tún gbá, òmíràn tún jáde, ọmọ wa tún rìn lọ síwájú, ó tún kúnlẹ̀. Ọ̀kan lára àwọn tó ń ṣètò ìdíje wá sọ fún un pé kó máa dúró níbi tó bá wà, pé àkókò ń lọ. Ó ní ó dáa, sà. Ó wá ń kúnlẹ̀ níbi tó bá wà.

"Kí ló ń bẹ̀bẹ̀ fún?" Alhaja bi mí. "Kí ló ṣe wọ́n?"

"Kò ṣe wọ́n ní nǹkan kan, mà. Ó ń sọ pé bọ́ọ̀lù yẹn jáde ni."

"Ó ń sọ fún ta ni?"

"Fún ẹ̀gbọ́n yẹn, mà."

Ọwọ́ rẹ̀ dúró lórí tẹ̀sùbáà.

Kíkúnlẹ̀ yẹn wá ń bí ọmọ Ìlọrin náà nínú. "Jọ̀ọ́, má kúnlẹ̀ fún mi mọ́!" ó pariwo. Ọmọ wa kúnlẹ̀ láti tọrọ àforíjì pé òun kúnlẹ̀. Láti ibẹ̀ lọ, ọwọ́ ẹ̀gbọ́n náà kò balẹ̀ mọ́, bọ́ọ̀lù rẹ̀ kò sì wọlé mọ́. Ọmọ wa gba sẹ́ẹ̀tì kejì, ó gba èyí tó kẹ́yìn. Mo dìde lórí àga, mo pariwo débi pé ohùn mi há. Inú mi dùn, kò sí ohun tí mo lè pè é ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Obìnrin kan láti ilé-ìwé náà wá kí Alhaja kú oríire. Alhaja dáhùn tẹ̀yẹtẹ̀yẹ. Nígbà tí a ń bọ̀ wálé, ó na mọ́ínmọ́ín sí kóòṣì, ó na sí dírẹ́bà, kò na sí mi.

Ọ̀sán ọjọ́ kejì ló ránṣẹ́ pe èmi àti kóòṣì. Ó fún wa ní àga àti omi tútù, ó bi wá léèrè ilé, ó sì dúpẹ́ fún gbogbo wàhálà wa. Ó wá ní ọmọ náà kò ní lọ sí ilé-ìwé Ìlọrin mọ́, kò sì ní wá síbi tẹ́níìsì mọ́.

Kóòṣì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé òfin ilà fún un. Ó gbọ́ ọ dé ìdí.

"Mo ti gbọ́," ó ní. "Ṣùgbọ́n ṣé ẹ gbọ́ tèmi? Níṣojú gbogbo ayé, ọmọ tí mo tọ́ ń sọ fún ẹni tó jù ú lọ pé kò tọ̀nà. Wọ́n sì ń rẹ́rìn-ín! Ẹ ní ó kúnlẹ̀. Èwo wá ni ti ìkúnlẹ̀ nínú ìyẹn? Bó bá ṣe bẹ́ẹ̀ lọ sílé-ìwé, tí kò sí èmi níbẹ̀, tó bá padà dé, ṣé màá lè bá a sọ̀rọ̀ mọ́? Tíṣà, ẹ̀yin lẹ kọ́ ọ. Ẹ sọ fún mi bóyá mo ṣì í sọ."

Gbogbo èsì tó yẹ kí n fọ̀ ló wà lẹ́nu mi. Mo ti kó wọn jọ láti òru. Alhaja tẹjú mọ́ mi pẹ̀lú ojú rẹ̀ tí kò ríran dáadáa mọ́, ìborí funfun lórí rẹ̀, mo sì gbọ́ ohùn ara mi.

"Ẹ ò ṣì í sọ, mà."

Kóòṣì yíjú wò mí. Mi ò wo ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Ọmọ náà ti wà ní ẹnu ọ̀nà tó lọ sí ẹ̀yìnkùlé, omi abọ́ tó ń fọ̀ ṣì ń kán lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wọlé, ó jókòó sílẹ̀ níwájú ìyá ìyá rẹ̀.

"Alhaja, kì í ṣe torí ìyẹn."

"Kí lo sọ?"

"Kì í ṣe torí ẹ̀gbọ́n yẹn lẹ ò ṣe fẹ́ kí n lọ."

Mo rò pé ìyá náà á gbá a létí. Mo tiẹ̀ ti sún síwájú lórí àga. Ṣùgbọ́n kò ṣe nǹkan kan. Oníbàárà kan wá síta, ó kan igbá àgbàdo, ó pè, ó sì tún bá tirẹ̀ lọ.

"Bẹ́ẹ̀ ni," Alhaja ní. "Kì í ṣe torí ìyẹn." Ó fi ọwọ́ wá orí ọmọ náà títí ó fi bà á. "Ìyá rẹ lọ, kò padà. Bí ìwọ náà bá lọ, ta ni mo máa pè nínú ilé yìí tó máa dá mi lóhùn?"

Kóòṣì fẹ́ sọ pé a ó máa yà wò wọ́n. Mo fọwọ́ kàn án pé kó dákẹ́.

"Mi ò mọ̀, Alhaja," ọmọ náà ní. Ó ti ń sunkún. "Ó ń dun èmi náà. Ṣùgbọ́n mo ṣì fẹ́ lọ."

Ọwọ́ ìyá náà kò kúrò lórí rẹ̀. Nígbà tó sọ̀rọ̀, kóòṣì ló kọjú sí.

"Ọjọ́ wo ni wọ́n máa wọlé?"

Kóòṣì sọ ọ́ fún un. Alhaja ní kó tún un sọ.